Báwo ni mo ṣe lè fi ọ̀dà olóròóró ya ìyá àgbà nínú aṣọ òkè àti gèlè?

Ìbéèrè:

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oníṣẹ́ ọnà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi pẹ́ńsùlù ya ojú èèyàn, àwọn tí mo yà sì ń sọ pé ó jọ àwọn. Ìyá tó bí ìyá mi máa pé ọgọ́rin ọdún ní oṣù mẹ́ta sí àsìkò yìí. Mo fẹ́ fi ọ̀dà olóròóró yà wọ́n sórí kánfáàsì nínú ìró àti bùbá aṣọ òkè, pẹ̀lú gèlè lórí àti iyùn lọ́rùn. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀dà olóròóró rí. Mo fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ dán aṣọ òkè náà wò, ó rí bíi táìlì balùwẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní acrylic, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, ni kí n lò. Òmíràn ní ojú ni kí n kọ́kọ́ yà parí. Ọ̀gá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwòrán ní àdúgbò wa ní rárá, aṣọ ló ń ṣíwájú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mi.

* * *

Àbúrò mi, káàbọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìdí tí wọ́n fi sọ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn tán.

Ká mú ti acrylic. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni pé ó rọrùn, ó ń tètè gbẹ, omi lásán la fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ títètè gbẹ yẹn gan-an ló ń yọ ẹni tó ń kọ́ àwòrán ojú lẹ́nu. Níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń yí lọ sẹ́yìn síhà etí, àwọ̀ méjì gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ nínú ooru tiwa yìí, acrylic á ti gbẹ kó o tó mú búrọ́ọ̀ṣì kejì. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló ń wọ inú òróró rẹ̀, tó ń sọ ọ́ di líle, ìyẹn sì ń gba ọjọ́. O lè sùn, kó o jí, kó o bá imú tó o yà lánàá ní rírọ̀, kó o tún un ṣe. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nílò irú ààyè bẹ́ẹ̀.

Ní ti èyí tó yẹ kó ṣíwájú, kì í ṣe ojú, kì í ṣe aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni kó o kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ti ojú, ti gèlè, ti ìró, ti ọwọ́ tó wà lórí itan, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Mú burnt umber nìkan, ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú, fi tọpẹntáìnì pò ó títí á fi ṣàn, kó o wá fi àwọ̀ kan ṣoṣo yẹn ya ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà àti ibi tí kò bà. Dín ojú rẹ kù bó o ṣe ń wò wọ́n, kí ohun kéékèèké lè pòórá. Má tíì ya ìpéǹpéjú, má tíì ya ìlà kankan sára aṣọ. Tó o bá rìn sẹ́yìn tó o sì rí i pé ìyá àgbàlagbà kan jókòó síbẹ̀, tó fara ti àga, o ti ṣe ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà. Tí o ò bá rí i, kò sí ọnà ara aṣọ tó máa bá ọ tún un ṣe.

Ìdí mìíràn tí mo fi ní burnt umber ni pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní manganese wà nínú rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó yára gbẹ. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, wàá ti lè gbé àwọ̀ lé e.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan dáhùn pé òun ò gbà: aṣọ là ń kí ká tó kí èèyàn, aṣọ ni ká kọ́kọ́ yà parí, torí òun ni oníbàárà máa ń yẹ̀ wò fínnífínní.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹni tó bá sanwó àwòrán ọjọ́ ìbí máa ń ka ìlà ara aṣọ rẹ̀, tí ọ̀kan bá sì dín, á pè yín. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwòrán tó pọ̀ gan-an tí wọ́n ti ya aṣọ rẹ̀ tán pátápátá kí wọ́n tó dé orí ojú, ibì kan náà ni wọ́n sì ń já sí. Ìmọ́lẹ̀ ara aṣọ ń ti ọwọ́ òsì wá, ti ojú ń ti iwájú wá, nítorí pé fọ́tò tí wọ́n wò ya aṣọ kọ́ ni wọ́n wò ya ojú. Ó ń hàn gbangba pé orí àti ara kò gbé inú yàrá kan náà.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Àwọ̀ aṣọ máa ń ta sí awọ ara. Tí ìyá bá wọ àlàárì, abẹ́ àgbọ̀n wọn á pọ́n díẹ̀. Tó bá jẹ́ bùbá funfun, abẹ́ àgbọ̀n yẹn kan náà á mọ́lẹ̀ ju bó o ṣe rò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjìji gèlè máa ń bọ́ sí iwájú orí, tó sì máa ń tẹ̀ lé bí iwájú orí ṣe yọ. Ẹni tó ya ọ̀kan parí kó tó kan èkejì, ibo ló ti fẹ́ rí èyí?

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn: aṣọ àti ojú, ìmọ́lẹ̀ kan ló bà wọ́n. Ẹ gbé wọn lọ pa pọ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká dé orí táìlì, torí mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè àbúrò wa wà.

Aṣọ òkè kì í ṣe aṣọ fífẹ̀ kan tí wọ́n fa ìlà sí lára. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún lórí òfì, tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí ínǹṣì 4, ìgbà tí wọ́n bá hun ún tán ni wọ́n ń rán wọn pọ̀. Ojú ìránpọ̀ wọ̀nyẹn ni kó o fi ṣe atọ́nà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìlà tó ń rìn lórí ara ìyá: ó kúrò ní ìbàdí, ó gun itan, ó dé orúnkún, ó ṣubú sísàlẹ̀. Ya ojú ìránpọ̀ yẹn nìkan, má fi ọnà kankan sí i. Tí ìlà náà bá tẹ̀ níbi tí itan ti yí, tó bá wọlẹ̀ sínú ìṣẹ́po tó sì yọ ní òdìkejì, ẹni tó ń wò ó á rí itan lábẹ́ aṣọ. Tó bá tọ́ gbọnrangandan láti ìbàdí dé ilẹ̀, táìlì ni.

Nígbà tí ojú ìránpọ̀ bá ti dúró dáadáa, ìlà kéékèèké àárín wọn ò ní ni ọ́ lára mọ́. Wọ́n kàn ń tẹ̀ lé e ni. O tiẹ̀ lè fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí òjìji bá ti wúwo, ojú ẹni tó ń wò ó á parí wọn fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mọ bí aṣọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣẹ́. Aṣọ òkè wúwo, ó le, ìṣẹ́po rẹ̀ kì í pọ̀, àmọ́ èyí tó bá ní á tóbi, igun rẹ̀ á sì mú. Àǹkárá ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Àrán ò jọ sátíìnì rárá: etí ìṣẹ́po rẹ̀ ló ń mọ́lẹ̀, àárín ibẹ̀ á dúdú. Léèsì ní ihò, nítorí náà ohun tó wà lẹ́yìn ihò ni wàá kọ́kọ́ yà, ìbáà jẹ́ awọ ara tàbí aṣọ abẹ́ rẹ̀, kó o tó wá fi ọ̀dà tó nípọn gbé òwú rẹ̀ lé e. Tó o bá ya ìṣẹ́po àǹkárá sára aṣọ òkè, bí ìlà rẹ̀ tiẹ̀ pé pérépéré, kò ní jọ aṣọ òkè.

Ní ti àwọ̀, ẹtù lè wá láti inú Prussian blue, aró tó ṣú, àti burnt umber díẹ̀. Ṣọ́ra fún Prussian blue, ó lágbára, ìwọ̀nba bíńtín rẹ̀ á kun gbogbo ohun tó wà lórí pátákó rẹ. Ìlà funfun ara ẹtù kì í ṣe funfun nínú òjìji, eléérú tó fara jọ aró ló ń dà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba ẹtù jẹ́ nìyí, wọ́n á fi funfun inú ike fa ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àlàárì fẹ́ alizarin crimson, pupa tó jinlẹ̀, pẹ̀lú burnt sienna, àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Sányán ni mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, yellow ochre tó jẹ́ ìyeyè bí amọ̀, raw umber tó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, àti funfun, nítorí pé kò ní àwọ̀ tó ń dún tó lè bo ìmọ́lẹ̀ tí a gbé sí ibi tí kò yẹ. Ohun tó bá dáa lára sányán, ó dáa lóòótọ́.

Ju ìró náà sórí àga, kó o yà á láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Tún un jù, kó o tún un yà. Ṣe èyí kó o tó pe ìyá wá jókòó.

* * *

Wọ́n bi mí nípa kánfáàsì, torí owó rẹ̀ ti gọbọi báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ẹ́múṣọ̀nù ilé po gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, a ó fi kun kánfáàsì tí a ra ní yáàdì. Àwọn kan ń bú èyí bí ẹní bú olè. Èmi ò bú u. Fún iṣẹ́ ìkọ́ni, ó dáa. Fún àwòrán tí o fẹ́ kí ọmọ ìyá àti ọmọ-ọmọ wọn máa wò, ra gesso gidi, ọ̀dà funfun tí wọ́n ṣe fún títẹ́ ojú kánfáàsì, torí ẹ́múṣọ̀nù ilé kì í ṣe ohun tí wọ́n pò fún irú iṣẹ́ yẹn, ó sì ń fa òróró mu. Ohun tí mi ò ní gbà láéláé ni kíkun ọ̀dà olóròóró sórí aṣọ tí a ò fi nǹkan kan tẹ́ lójú. Òróró linseed, èyí tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóròóró, ń jẹ òwú aṣọ. Bó pẹ́ bó yá, aṣọ náà á gbó, á sì máa já.

Kẹrosíìnì ńkọ́? Fi fọ búrọ́ọ̀ṣì, kó o wá fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ tẹ̀ lé e. Má fi po ọ̀dà. Kì í tètè fò lọ, ó sì ń fi ọ̀rá sílẹ̀ nínú àwòrán. Pẹtiróòlù, má tiẹ̀ gbé e wọ yàrá náà.

* * *

Ibo ni kí ìyá jókòó sí? Ẹnìkan ti yára dáhùn pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé àríwá, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Àwọn ará Yúróòpù ló kọ ìwé yẹn, wọ́n sì kọ ọ́ fún ojú ọ̀run tiwọn. Lọ́dọ̀ wọn, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà yíká ọdún, fèrèsé àríwá kì í rí i, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í yí padà láàárín wákàtí díẹ̀. Èkó wà ní nǹkan bí 6.5° sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Ìbàdàn ní nǹkan bí 7.4°. Láti bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá orí wa ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá. Ẹni tó bá gbé ìyá sí fèrèsé àríwá ní oṣù kẹfà ti gbé wọn síwájú oòrùn gan-an. Fèrèsé gúúsù ló dáa nígbà yẹn. Tí àwọn oṣù wọ̀nyẹn bá ti kọjá, ó di àríwá.

Ẹ wo ojú ọ̀run tiyín, ẹ wo oṣù tí ẹ wà. Tí yàrá bá ní fèrèsé kan ṣoṣo, ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Kó o sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ kan wá, kì í ṣe iwájú, torí ìmọ́lẹ̀ iwájú á pa gbogbo ìṣẹ́po aṣọ òkè tí a ń sọ.

Tí iná bá dé, má tan gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè kó o máa kun ọ̀dà lọ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó o rò pé o pò kọ́ ni wàá bá lówùúrọ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ awọ ara ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lókè yìí. Apá kan ní kí a má ṣe ra ọ̀dà dúdú rárá. Apá kejì ní Anders Zorn, ayàwòrán ará Sweden, fi ivory black (ọ̀dà dúdú), yellow ochre, vermilion (pupa) àti funfun nìkan ya àwọn àwòrán tó gbajúmọ̀, kí ló wá burú nínú rẹ̀?

Kò sóhun tó burú nínú ivory black. Ohun tó burú ni pípo ó pọ̀ mọ́ funfun láti fi ya awọ adúláwọ̀. Eléérú ló ń bí, ojú ìyá á sì dà bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Àwọn tí Zorn yà, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun, dúdú inú ọ̀dà rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ aró fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ pupa wọn. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀.

Po burnt sienna mọ́ ultramarine, ọ̀dà aláwọ̀ aró. Wàá rí dúdú tó jinlẹ̀, o sì lè yí i sí pupa tàbí sí aró bó o ṣe fẹ́. Ìyẹn ni kó o fi ya òjìji. Tó o bá fẹ́ gbé awọ sókè sínú ìmọ́lẹ̀, yellow ochre àti pupa díẹ̀ ni kó o fi gbé e, má sáré fi funfun sí i. Fi funfun pa mọ́ de ibi tó ń dán: orí imú, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí. Ibi dídán yẹn lára awọ dúdú kì í ṣe àwọ̀ ara mọ́, àwọ̀ ọ̀run tó wà lójú fèrèsé ni. Fi aró bíńtín sínú funfun náà, gbé e lé e lẹ́ẹ̀kan, kó o má fọwọ́ rà á.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i níbi tó ti yọrí, kó wá àwòrán tí Velázquez, ayàwòrán ará Sípéènì, ya Juan de Pareja ní Róòmù ní 1650. Ọmọ adúláwọ̀ ni Pareja, ẹrú tó ń bá Velázquez ṣiṣẹ́ ni, ọdún yẹn náà ni Velázquez kọ̀wé òmìnira rẹ̀, òun náà sì di ayàwòrán láyè ara rẹ̀. Àwòrán náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York, fọ́tò rẹ̀ tó mọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù rẹ. Wo ibi dídán tó wà níwájú orí. Wo kọ́là léèsì funfun tó yí ọrùn rẹ̀ ká: láti ọ̀ọ́kán, léèsì gidi ni, tó o bá sún mọ́ ọn, búrọ́ọ̀ṣì díẹ̀ tó tú ká ni. Kò sí ẹni tó ka ihò níbẹ̀. Aṣọ ara rẹ̀ dákẹ́, kò bá ojú jà. Mi ò tíì rí olùkọ́ tó ju àwòrán yìí lọ fún ẹni tó fẹ́ ya adúláwọ̀ pẹ̀lú aṣọ àtàtà.

* * *

Kúkúrú lórí ọ̀dà góòlù, torí ẹni mẹ́ta ló ti dárúkọ rẹ̀ fún òwú dídán ara aṣọ òkè òde òní: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó. Ìyẹ̀fun idẹ ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, á ṣú tó bá yá. Tí èèyàn bá sì rìn kọjá níwájú àwòrán náà, góòlù yẹn á máa dán nígbà tí ojú ìyá ò dán, tí yóò sì pa ojú. Yellow ochre fún àwọ̀ rẹ̀, umber fún òjìji rẹ̀, funfun tó ní ìyeyè díẹ̀ fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ta án. Ibi díẹ̀ ni kó ta. Iyùn náà bẹ́ẹ̀: má ya gbogbo rẹ̀ bákan náà. Èyí tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ á ní ibi dídán ẹyọ kan, èyí tó ti yí lọ sábẹ́ bùbá á rì sínú òjìji.

* * *

"Ìyá àgbà ò lè jókòó fún wákàtí mẹ́ta. Ṣé kí n máa wo fọ́tò?"

Bẹ́ẹ̀ ni, wo fọ́tò, ṣùgbọ́n yà á fúnra rẹ. Rìn sẹ́yìn, kó o wá fa fọ́tò náà súnmọ́ látinú fóònù. Tó o bá gbé fóònù sún mọ́ ojú wọn, imú wọn á tóbi ju bó ṣe rí lọ, etí á kéré. Pa fílááṣì. Pa ohun tó ń mú awọ dán, tó ń sọ arúgbó di ọmọge. Ya ọ̀kan tó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ kó o lè rí inú òjìji aṣọ. Kí gbogbo wọn jẹ́ ti ọjọ́ kan náà àti fèrèsé kan náà. Lẹ́yìn náà, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá lágbára, kó o fi lè wo àwọ̀ ara wọn gan-an, torí fóònù ń parọ́ lórí awọ dúdú.

Aṣọ ò nílò ìyá. Gbé e wọ ère tí àwọn aránṣọ ń lò, kó o gbé e sí fèrèsé kan náà. Gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, tí wọ́n kàn ń dé bíi fìlà, wúlò fún wa gan-an níbí, ohun yòówù kí àwọn ìyá wa máa sọ sí i. Gèlè tí a tú ní alẹ́ kò ní ṣẹ́ síbi tó ṣẹ́ sí lánàá mọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní aṣọ ló ṣíwájú ti padà wá, wọ́n ní èyí tí mo sọ yìí ti fi hàn pé a lè ya aṣọ lọ́tọ̀. Wọ́n mẹ́nu ba Joseph van Aken, ará Flanders tó ṣiṣẹ́ ní London, tó jẹ́ pé aṣọ nìkan ló ń yà fún àwọn ayàwòrán ojú bíi Allan Ramsay àti Thomas Hudson. Nígbà tó kú ní 1749, Hogarth, ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì kan, ya àwòrán ìsìnkú kan tí àwọn ayàwòrán ojú ti ń sunkún tẹ̀ lé òkú. Ìtàn yẹn dùn, òótọ́ sì ni pé ọwọ́ van Aken dáa. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo àwọn àwòrán náà. Aṣọ kan náà àti ìjókòó kan náà ń tún ara wọn ṣe láti ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan sí òmíràn, lórí obìnrin tó yàtọ̀ síra. Ohun tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn. Aṣọ òkè ìyá àbúrò wa jẹ́ tiwọn, ó ní bí èjìká wọn ṣe ń gbé e. Ẹ gbé aṣọ wọ ère, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ti ní òjìji gbogbo ara wọn lórí kánfáàsì kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà díẹ̀. Ẹnìkan fẹ́ ya Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tó kú ní 1874, kò sì sí fọ́tò. Ó béèrè bóyá léèsì funfun dáa.

Kò dáa. Léèsì tí a mọ̀ sí ti àríyá, èyí tó ń ti Austria wá, ọdún 1960 síwájú ló gbòde ní ilẹ̀ wa. Wá ẹtù àtijọ́, sányán tàbí àrán, kí òwú dídán má sí lára wọn. Gbé e wọ obìnrin tó wà láàyè, kó o yà á. Aṣọ tí o ò rí, má fi orí lásán yà á.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1733, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Hoare, ayàwòrán kan, fẹ́ ya Ayuba Suleiman Diallo, ọmọ Fúlàní láti Bundu ní ìhà Senegal, tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà kó tó gba òmìnira. Diallo ní aṣọ ìlú òun ni kí ó ya òun mọ́. Hoare ní òun ò lè ya aṣọ tí òun ò rí rí. Diallo bi í pé kí ló dé tí àwọn ayàwòrán fi ń ya Ọlọ́run tí ẹnikẹ́ni ò rí rí? Hoare ya aṣọ funfun náà pẹ̀lú láwàní nígbẹ̀yìn. Mo fẹ́ràn Diallo fún ìdáhùn yẹn, torí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá yà á nínú kóòtù òyìnbó, ẹlòmíràn ni wọ́n yà. Ṣùgbọ́n ní ti ọgbọ́n iṣẹ́, Hoare ló ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

* * *

Sí ẹni tó kọ ọ́ pé ọ̀dà olóròóró àti àwòrán ojú kì í ṣe tiwa, pé kí ọmọ náà lọ gbẹ́ ère: Aina Onabolu, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ọnà kankan. Àwọn amúnisìn ń sọ nígbà náà pé irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú. Ó lọ sí London ní 1920, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọnà St John's Wood, ó padà sílé ní 1922, ó sì ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó láti kọ́ àwọn ọmọ. Ben Enwonwu ya Adetutu Ademiluyi, ọmọọba Ifẹ̀, ní nǹkan bí 1973 sí 1974. Ọ̀kan nínú àwòrán náà ni wọ́n rí nínú ilé ẹnìkan ní London, wọ́n sì tà á ní gbàǹjo ní 2018, ó lé ní mílíọ̀nù 1.2 owó pọ́n-ùn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí iṣẹ́ yìí ti wà lọ́wọ́ wa. Ère gbígbẹ́ dáa, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ọmọ yìí ní àwòrán lòun fẹ́ yà.

* * *

Àbúrò, o ní oṣù mẹ́ta. Ó tó, tí o bá mọ bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ.

Fi oṣù àkọ́kọ́ ya aṣọ lórí àga àti ojú lórí páálí kékeré. Ní oṣù kejì, bẹ̀rẹ̀ àwòrán gan-an. Ipele àkọ́kọ́, burnt umber pẹ̀lú tọpẹntáìnì. Ipele kejì, ọ̀dà bó ṣe jáde nínú ike rẹ̀. Ipele tó gbẹ̀yìn ni kó o fi òróró linseed díẹ̀ sí. Èyí tó ní òróró púpọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lókè, torí kì í tètè gbẹ. Tó bá wà nísàlẹ̀, òkè á ti le nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì ń rìn, àwòrán náà á sì sán. Nítorí ìdí kan náà, má fi ivory black àti alizarin tó nípọn sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó ní kó o fi acrylic ṣe ipele àkọ́kọ́ kó o wá fi olóròóró bò ó, kò ṣìnà, bí ipele náà bá fẹ́lẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ni ò ṣeé ṣe: acrylic kì í gun orí olóròóró.

Ṣíwọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ ìbí tó dé. Gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, má tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, torí òróró linseed máa ń pọ́n nínú òkùnkùn. Tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, ta aṣọ síwájú rẹ̀ kí eruku má lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí aṣọ náà má kàn án.

Àkísà tó o fi nu òróró linseed, má ká a jọ sínú garawa tàbí ọ̀rá. Ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná, láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Tẹ́ ẹ síta títí á fi gbẹ, tàbí kó o rì í sínú omi.

Fáníìṣì ńkọ́? Kì í ṣe fún ọjọ́ ìbí. Oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni wọ́n máa ń dúró, torí ọ̀dà tó gbẹ lójú lè má tíì gbẹ nínú. Gbé àwòrán náà fún ìyá bẹ́ẹ̀, láìfi ọ̀rá wé e, kó o sọ fún àwọn ará ilé kí ẹnikẹ́ni má fi aṣọ tútù nù ún. Padà lọ kun fáníìṣì rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.